Ọsàn Mẹ́wàá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹni Tó Ń Ṣe Iyèméjì Nípa Ìtọ́jú Ọpọlọ

Ẹ̀yin ará Ìlọrà, ohun tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti àwọn èèyàn wa tí gbogbo ilé mọ̀ pé ara wọn ò dá ní ti ọpọlọ àti ọkàn, tí ìtọ́jú wà fún, síbẹ̀ tí wọ́n ń sọ lónìí pé àwọn á lọ, tí wọ́n ń sọ lọ́la pé àwọn ò lọ mọ́. Ẹ ní kí n sọ ohun tí a lè bá wọn sọ.

Àṣìṣe tèmi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi nílé ìwòsàn kan tó wà létí títì. Ọmọ náà kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, kì í sùn lóru, ó sì ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀mejì pé wọ́n ti fi nǹkan sí i. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti kọ oògùn fún un. Tèmi ni pé kí n là á yé e. Mo sọ fún un pé bí kò bá lo oògùn, àìsàn náà á le sí i. Mo ní kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kí tòun di ti ọjà. Mo ní kó wo ojú ìyá rẹ̀. Odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi sọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé ni ọmọ náà kọjú sí, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ló ń fi ojú sìn lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Ẹ ṣé, mà." Ó gba oògùn, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. A ò rí wọn mọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá ránṣẹ́ sí mi pé òun bá gbogbo oògùn náà nínú àmù kan tó ti sán lẹ́yìnkùlé. Kò lo ẹyọ kan.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá rántí ọmọ yẹn, ohun tí mo máa ń sọ ni pé olórí kunkun ni. Èmi ni n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Ohùn méjì ló wà nínú ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, n kò sì sọ ti àìsàn. Ọ̀kan ń sọ pé, "Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ kí nǹkan yìí tán." Èkejì ń sọ pé, "Bí mo bá gba oògùn yìí, mo ti gbà pé wèrè ni mí nìyẹn." Èmi dé, mo gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo sọ ọ́ tán pátá. Kí ló wá kù fún un láti sọ? Èkejì nìkan. Kò sọ ọ́ jáde nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kì í bá àgbà jiyàn. Ó lọ fi sínú àmù. Àwọn baba wa sọ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bí ó ti rí pẹ̀lú kíkọ̀ náà ló rí pẹ̀lú gbígbà: ẹnu ẹni náà ni "mo gbà" ti gbọ́dọ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti ẹlòmíràn ni.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n wá tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ẹnì kan á fi kọ ìtọ́jú, ká má sì ṣe wò ó bí ìwà aṣiwèrè. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń ṣe ìwádìí ká tó fọmọ fọ́kọ. Ohun mẹ́ta ni àwọn àgbà ń béèrè nípa ìdílé kan: ṣé wọn ò ní wèrè, ṣé wọn ò ní wárápá, ṣé wọn ò ní ẹ̀tẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ọpọlọ, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n rí, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n rí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n rí. A tún máa ń sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. A ń sọ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Irọ́ ni èyí tó kẹ́yìn yìí. Mo ti rí àwọn tó wọ ọjà, tí wọ́n jáde, tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà létí gbogbo wa, òun ló ń jẹ́ kí àwọn mìíràn so ọmọ wọn mọ́lẹ̀ nínú yàrá kí ó má baà débẹ̀.

Kì í ṣe pé mo ń fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bi èèyàn 2,040 léèrè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ yìí, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó lé ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tó sọ pé eléwu ni alárùn ọpọlọ. Ó lé ní ọgọ́rin tó sọ pé ẹ̀rù á ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó lè rò ó pé àwọn á fẹ́ ẹ ò pé mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n bi, àwa ni. Ọ̀dọ̀ wa náà ni ẹni tó ń ṣàìsàn ń gbé, ó mọ ohun tí a ó sọ kí a tó sọ ọ́. Nígbà tí ìwádìí mìíràn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ṣíwájú rẹ̀ jáde lọ́dún 2006, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí àìsàn náà ti le sí lára débi pé kò lè ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dáadáa, bíi mẹ́jọ péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún kan.

Ohun mìíràn tún wà tó wúwo. Àwọn kan lára àwọn oògùn náà máa ń mú oorun kunni bí ẹni tó mu ẹmu àná. Òmíràn ń mú ọwọ́ gbọ̀n, òmíràn ń mú kí èèyàn sanra láìròtẹ́lẹ̀. Owó oògùn wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ Ìbàdàn wà níbẹ̀, ọjọ́ kan tí èèyàn ò ní lọ sóko tàbí sọ́jà wà níbẹ̀. Orúkọ pàápàá ń ba èèyàn lẹ́rù. Bí a bá fẹ́ bú ẹnì kan, a ó ní, "Àró ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ."

Ó dùn mí pé Àró, ibi tí ọsibítù ọpọlọ wà ní Abẹ́òkúta, di èébú lẹ́nu wa, nítorí pé bí a bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ohun àmúyangàn ni. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ìlú Òyìnbó dé, tí ó gba iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì kọ́ ọsibítù náà parí. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Kò ní kí wọ́n máa ti àwọn aláìsàn mọ́lé de ọjọ́ tí ilé á parí. Ó bá àwọn ará abúlé tó wà láyìíká sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gbowó ilé. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni pé aláìsàn kò ní dá wá: ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹnì kan látinú ẹbí á bá a wá, á máa sè fún un, á máa fọ aṣọ rẹ̀. Lówùúrọ̀ wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, nígbà tó bá di ọ̀sán wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á bá wọn jó bí ijó bá wà. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti kárí ayé wá ṣe àpérò sí Abẹ́òkúta, wọ́n wá fojú rí i. Ẹni tí wọ́n fi ipá gbé wá lè sá lọ lọ́jọ́ tí ẹnu ọ̀nà bá ṣí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń sè fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì ń rí i pé wọn ò sọ òun di ẹran inú àgò, kí ló fẹ́ sá fún?

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè tipẹ́tipẹ́ kí àwọn Òyìnbó tó rí oògùn reserpine fà yọ lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, lọ́dún 1952. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún wa pé oníṣègùn ìbílẹ̀ làwọn ń lọ, ẹ má kàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Ìbàdàn níbí àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020. Èèyàn 307 tí àìsàn ọpọlọ wọn le ni wọ́n tọ́jú lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá oníṣègùn náà ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju níbi tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kò pọn dandan kí èèyàn kọ ọ̀kan kí ó tó gba èkejì. Ìgbà tí a bá sọ pé ó pọn dandan ni a ń dá iyèméjì tuntun sílẹ̀ fún un.

Ní báyìí, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi hàn yín. Motivational interviewing ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Èmi ń pè é ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀ amọ́kànjí. Ọ̀mọ̀wé William Miller, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀mùtí ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1982, ó lọ sí Norway, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti ń jókòó yí i ká. Wọ́n á ṣe bí ọ̀mùtí, wọ́n á ní kó bá àwọn sọ̀rọ̀, tó bá ti sọ gbólóhùn kan, wọ́n á dá a dúró: "Kí ló dé tí ẹ fi sọ ìyẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ tọ̀hún?" Bí ó ti ń dá wọn lóhùn ló ń rí ohun tí òun ń ṣe láìmọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jáde lọ́dún 1983. Ó wá pàdé Stephen Rollnick, ẹni tó dàgbà ní South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní Wales, ìwé tí àwọn méjèèjì jọ kọ sì jáde lọ́dún 1991.

Èyí tó mú mi lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ Miller ni ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1993. Wọ́n gba ohùn àwọn tó ń bá ọ̀mùtí sọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn bá ti ń kojú ọ̀mùtí tó, tó ń bá a jiyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mùtí náà ń mu tó lẹ́yìn ọdún kan. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ọmọ létí fèrèsé yẹn ni mo rí. Ohun líle tí mo rò pé ó ń ràn án lọ́wọ́ ló ń lé e sẹ́yìn. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní ń le koko: a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, a kàn máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tí a fẹ́ràn.

Kí n má fi ẹnu nìkan ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé etí ọ̀nà ní Fìdítì. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹ má baà dá ẹni náà mọ̀. Ìyá ọlọ́sàn kan ni. Ọkọ rẹ̀ kú, láti ìgbà náà ni kò ti gbádùn mọ́. Ó ní nǹkan ń rìn lórí òun bí ìjàlọ, etí òun ń hó, àyà òun ń já. Ọdẹ orí ni òun fúnra rẹ̀ pè é. Ó ń jí ní aago méjì òru, kò ní sùn mọ́. Ọsàn ń bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀, kò bìkítà. Òṣìṣẹ́ ìlera kan kọ̀wé fún un pé kó lọ rí dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Mo ń lọ lọ́la." Ó ti ń lọ lọ́la láti ìgbà òjò.

Mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní, "Màmá, ẹ kú ọjà o."

"Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ ti wá bá mi jà, àbí?"

"Rárá, mà. Mo ní kí n wá jókòó tì yín díẹ̀, bí ẹ bá gbà mí láyè."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi. A jókòó. A ta ọsàn fún ọkọ̀ méjì. Ìgbà tó yá mo ní, "Màmá, báwo lọ̀rọ̀ Ìbàdàn yẹn ṣe rí lójú yín?"

"Bí mo bá lọ, wọ́n á ní mo ti ya wèrè. Ọmọ mi obìnrin ń mú ọkọ bọ̀ wálé lọ́dún yìí."

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyẹn kì í ṣe wèrè, mà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ba ti ọmọ yín jẹ́."

"Hẹn-ẹn." Ó dákẹ́. Ó nu ọsàn kan mọ́ ìró rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń sunkún sí mi lọ́rùn pé kí n lọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí n jókòó bí ère lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun."

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Èmi kọ́ ni mo dá ọmọ rẹ̀ sọ. Mo kàn gba ẹ̀rù rẹ̀ mọ́wọ́, mo gbé e padà fún un bí ó ti rí, òun fúnra rẹ̀ ló yí i síwá tó yí i sẹ́yìn, tó rí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ká ní mo jiyàn ni, ẹ̀rù yẹn nìkan ni ì bá máa gbèjà.

Mo ṣa ọsàn mẹ́wàá, mo tò wọ́n sórí pákó níwájú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, bí kò bá jẹ yín lógún rárá láti lọ gba ìtọ́jú, ẹ má kó ìkankan. Bó bá jẹ yín lógún ju ohunkóhun lọ, ẹ kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mélòó lẹ máa kó?"

Ó kó mẹ́ta sítòsí ara rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé mo máa bínú.

Ìbéèrè tó máa ń yọ lẹ́nu wa níbẹ̀ ni, "Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta péré?" Ẹni tó bá bi í bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìdí méje tí kò fi ní lọ, á sì sọ wọ́n dáadáa débi pé òun gan-an á gbà wọ́n gbọ́ sí i. Nítorí èèyàn ń gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Mo ní, "Ẹ kó mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹ ò kó ẹyọ kan?"

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kì í rọrùn láti dákẹ́ nígbà yẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Ó mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní, "Èyí, nítorí oorun. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn mọ́jú." Ó mú èkejì. "Ọjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan fún mi lówó, mo fún un ní ṣéńjì tó ju owó rẹ̀ lọ. Òun ló dá a padà." Ó gbé ẹ̀kẹta lé itan, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ọmọ mi ni."

Mo wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ fún un: "Ẹ ń bẹ̀rù pé ohun tí ayé máa sọ lè dé etí àwọn àna. Ẹ tún fẹ́ sùn, ẹ fẹ́ kí orí yín pé nídìí ọjà, ẹ sì fẹ́ wà níbẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lọ́jọ́ ọmọ yín. Kí lẹ rò pé ẹ fẹ́ ṣe?" Ó ní òun ò lè lọ Ìbàdàn. Ó ní ṣùgbọ́n òun lè wá bá mi ní ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, láàárọ̀ kùtù, kí ọ̀nà tó kún. Ìlànà yẹn, òun ló là á. Kí n tó sọ ohun tí mo mọ̀ nípa oògùn, mo tọrọ àyè: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́?" Ó ní kí n máa sọ. Mo sọ pé kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń mú ara yá, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Pé ẹnu lè máa gbẹ tàbí inú máa rú níbẹ̀rẹ̀. Pé kò ní sọ ọ́ di ẹni tó ń lo oògùn olóró. Mo bi í pé, "Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ sí?"

Kò wá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i, n kò sì bá a jà. Ó wá lẹ́yìn náà. Ó ń sùn báyìí. Àwọn àna kò mọ̀ títí di òní, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún yín pé kì í ṣe ibi gbogbo ni ọ̀nà yìí ti ń ṣiṣẹ́ bí a ti fẹ́. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn dókítà kan fi irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ bá àwọn tó wà ní ọsibítù pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ tó le sọ̀rọ̀, èsì wọn jáde lọ́dún 1996, ó dára: àwọn aláìsàn náà lo oògùn wọn dáadáa ju àwọn ìyókù lọ. Ní Dublin, wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ lọ́dọ̀ èèyàn 56, èsì jáde lọ́dún 2003, kò yàtọ̀ sí bí wọn ò ṣe é. Èmi gbà pé kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tútù mú ẹnì kan dé ọsibítù, tó dé ibẹ̀ tí kò sí oògùn, tàbí tí wọ́n pariwo mọ́ ọn lójú èrò, "bẹ́ẹ̀ ni" tó wà lẹ́nu rẹ̀ á kú. Àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ tó bá wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn: ẹ jẹ́ kí oògùn wà nílẹ̀.

Ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí àyè ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tàbí tó mú àdá lé èèyàn, ẹ má fi ọsàn bá a ṣírò o. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílẹ̀, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fura pé ikú wà lọ́kàn ẹnì kan, ẹ bi í ní gbangba: "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi pé kí o pa ara rẹ?" Bíbéèrè kì í fi í síni lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró de ẹni tó máa béèrè.

Ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kò sí nínú ohun tí mo sọ yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, òfin náà ló gba ipò òfin àtijọ́ tí Òyìnbó amúnisìn fi lélẹ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè. Òfin tuntun yìí sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un àti láti sọ tirẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin áfáà, mo mọ̀ pé àwọn ẹbí ló ń gbé wọn wá bá yín, lóru nígbà mìíràn, tí ẹ̀rù ń ba yín náà. Ẹ gbàdúrà fún wọn. Ẹ bá wọn gbààwẹ̀ bí ara wọn bá lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ohun kan tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n láti ilé: kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́?

Ìbéèrè yẹn ni n kò bi ọmọ létí fèrèsé. Mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń já ọ̀pẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ ní Fìdítì. Ó ti darúgbó, èmi náà ti hu ewú. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó ní ọmọ náà wà, ó ń ṣe iṣẹ́ lábúlé, ara rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ di òru. Mo bi ìyá náà ní ohun tí mo fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sá fún nígbà yẹn. Mo ní, "Màmá, nígbà yẹn lọ́hùn-ún, kí ni òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́?"

Kò rò ó rárá. Ó ní, "Ọkọ̀ ló fẹ́ wà. Ó ti bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ láti máa kọ́ ọ. Ẹnì kan wá sọ fún un pé oògùn yẹn ń múni sùn, pé ẹni tó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ mú sítíárì."

Mo ní kó bá mi sọ fún un pé oògùn tí kì í mú oorun kunni tó bẹ́ẹ̀ wà, pé a lè jọ wá a, pé òmíràn wà tó jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Mo ní kó sọ fún un pé n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ nọ́ńbà mi sí ẹ̀yìn páálí bisikíìtì fún un. Ìyá ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Kò tíì pè. Bí fóònù mi bá dún tí n kò mọ nọ́ńbà náà, mo máa ń yára gbé e.